Oṣù Kẹta ń bọ̀: ìwé àwọn obìnrin dà, ká tó gbé àwòrán wọn kọ́ sára ògiri?

Olùtọ́jú_Ìwé

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí n ṣètò àfihàn fún oṣù kẹta, oṣù tí wọ́n fi ń rántí ìtàn àwọn obìnrin. Ọdọọdún la máa ń ṣe é, bákan náà la sì máa ń ṣe é: àwòrán Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ti Ìyáàfin Margaret Ekpo, ti Mọ́remí tí kò sẹ́ni tó ya fọ́tò rẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ ìwúrí díẹ̀ lábẹ́ wọn. Ọ̀gá àgbà á gé ríbọ́ọ̀nù, a ó ya fọ́tò, ó parí. Kí oṣù kẹrin tó wọlé, a ti ká gbogbo rẹ̀ sínú yàrá ẹrù.

Lọ́tẹ̀ yìí mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí ìwé gan-an: lẹ́tà, àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́, ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba, ohun tí obìnrin kan fọwọ́ ara rẹ̀ kọ tàbí tó fẹnu ara rẹ̀ sọ. Mo sì fẹ́ kí àpérò kékeré tẹ̀lé e. Níbo ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà ní Nàìjíríà? Báwo lẹ ṣe máa ń wá a rí? Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

BàbáLáwùjọ

Ẹ má bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí n tú èyí tó wà níkùn mi sílẹ̀ ná. Oṣù tí ẹ ń sọ yìí, Amẹ́ríkà ló ti wá. Kí ló kàn wá ńbẹ̀? Àwọn ìyá wa kò dúró de oṣù kẹta kí wọ́n tó jẹ́ èèyàn pàtàkì. Ká máa bọ̀wọ̀ fún wọn lójoojúmọ́, ó tó. Owó tí wọ́n fẹ́ ná sórí ríbọ́ọ̀nù yẹn, kí wọ́n fi tún òrùlé ilé-ìkàwé ṣe.

Àdùkẹ́_Akọ̀tàn

Ẹ̀yin bàbá wa, lórí òrùlé, mo wà lẹ́yìn yín. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé Amẹ́ríkà ló ti wá, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe wá. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Sonoma, ní ìpínlẹ̀ California, ní 1978, láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ní 1979, àwọn onímọ̀ ìtàn àti àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ obìnrin jókòó pọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ní Sarah Lawrence College. Gerda Lerner, onímọ̀ ìtàn, wà lára àwọn tó darí rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ nípa ọ̀sẹ̀ Sonoma, tí wọ́n sì pinnu láti gbé e dé ìlú tiwọn. Ààrẹ Carter kéde rẹ̀ ní 1980, ó di oṣù kan gbáko ní 1987. Ìjókòó àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ló gbé e dìde, ìjọba kàn tẹ̀lé wọn ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn pé Olùtọ́jú_Ìwé ń sọ̀rọ̀ àpérò. Tí kò bá sí ẹni tó ń ṣèwádìí, oṣù yẹn òfìfo ni, ẹ̀yin náà sì jàre láti bínú sí i.

Ó wá ku ibi tí ìwé wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, nítorí ibi ìpamọ́ méjì ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Kenneth Dike Library ló tọ́jú àwọn ìwé Ìyáàfin Ransome-Kuti: lẹ́tà, ìwé ẹ̀hónú, àwọn ìwé Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta. Ilé-ìkàwé yẹn kan náà ló tọ́jú ìwé Herbert Macaulay, olóṣèlú Èkó. Ẹ má ṣe rò pé Macaulay ò kan ọ̀rọ̀ wa. Ẹni tó bá ń wá Aliimọ́tù Pẹlẹ́wúrà, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó tó kó wọn jáde lórí owó-orí obìnrin ní 1940, inú àpótí Macaulay ló máa lọ, nítorí Pẹlẹ́wúrà ò mọ̀wéé kọ, Macaulay àti àwọn èèyàn rẹ̀ ló ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé. Tí ẹ bá wá orúkọ obìnrin nìkan nínú kátálọ́ọ̀gù, ẹ ò ní rí i.

Èkejì ni National Archives, ibi tí wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìjọba. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike, onímọ̀ ìtàn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé-ìkàwé yẹn, ló gbé e kalẹ̀. Ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́ ní 1954 kí òfin 1957 tó sọ ọ́ di National Archives. Ó ní ẹ̀ka ní Enugu àti Kaduna. Inú ti Ìbàdàn ni fáìlì apá ìwọ̀-oòrùn wà. Ẹ béèrè àwọn tí wọ́n kọ "Abe Prof" sí fún Abẹ́òkúta, "Oyo Prof" fún Ọ̀yọ́, "Comcol" fún Èkó, àti CSO 26, èyí tó jẹ́ ti ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ìjọba àmúnisìn. Ẹ má ṣe béèrè fáìlì "obìnrin". Ẹ béèrè ti owó-orí, ti ọjà, ti omi, ti iye owó oúnjẹ nígbà ogun, ti ìkọ̀sílẹ̀. Níbi tí àwọn obìnrin ti bá ìjọba fa wàhálà ni ìwé wọn pọ̀ sí.

Olùtọ́jú_Ìwé

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Abẹ́òkúta kún un, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kàn mọ̀ pé Màmá Ransome-Kuti lé ọba ni, wọn ò mọ bó ṣe jẹ́. Ní 1932 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, àwọn obìnrin tó kàwé ló sì wà níbẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà ni wọ́n gbọ́ ohun tí ojú àwọn yẹn ń rí lọ́wọ́ agbowó-orí. Nígbà tó di 1946, ẹgbẹ́ ti di ti gbogbo obìnrin. Ìparí 1947 ni wọ́n rọ́ lọ sí ààfin. Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò nílùú ní 1948, ó sì fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949.

Ohun tó wù mí nínú ìtàn yẹn ni kíláàsì ìwé. Tí ẹ bá máa gbé nǹkan kan sára ògiri, ẹ gbé bí ẹgbẹ́ àwọn olówó ṣe di ẹgbẹ́ àwọn tó ń jìyà. Àwòrán tí ó wọ gèlè ńlá yẹn ti tó gẹ́ẹ́.

Tísà_Àgbà

Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo rí ni pé ìwé tí ohùn obìnrin ti pọ̀ jù lọ nínú ìtàn ìjọba àmúnisìn ní Nàìjíríà, ìjọba náà ló kọ ọ́, lẹ́yìn tó ti yìnbọn pa wọ́n tán.

Ogun Àwọn Obìnrin 1929 ni mò ń sọ. Ní Òlókò, nítòsí Aba, ẹnì kan tí wọ́n rán láti ka èèyàn àti ẹran ọ̀sìn lọ bá Nwanyeruwa nínú ilé rẹ̀. Obìnrin yẹn mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ka ti àwọn ọkùnrin kí wọ́n tó bu owó-orí lé wọn lórí nìyẹn. Ó figbe ta. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn obìnrin ti dìde káàkiri Owerri àti Calabar. Àwọn ọmọ ogun àti ọlọ́pàá pa èyí tó lé ní 50 nínú wọn. Ní 1930, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí. Nwanyeruwa sọ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí a kì bá tí gbọ́ orúkọ wọn láé sọ tiwọn. Wọ́n tẹ gbogbo ẹ̀rí yẹn sínú ìwé. Ẹ lè ka bí obìnrin kan ṣe ń dá àwọn adájọ́ lóhùn, tí kò bẹ̀rù wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra bí ẹ ṣe ń kà á. Èdè Ìgbò tàbí Ìbìbíò ni obìnrin náà sọ. Ògbufọ̀ ló sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, akọ̀wé ló gé e kúrú. Ìbéèrè tí agbẹjọ́rò béèrè ló pinnu ohun tó lè sọ. Ẹnu mẹ́ta ló ti gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ti Ẹfúnróyè Tinúubú, oníṣòwò ńlá nì, burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun púpọ̀ tí a mọ̀ nípa ìjà rẹ̀ ní Èkó, inú lẹ́tà Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ló wà, ẹni tó rí i dájú pé wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1856. Ọ̀tá rẹ̀ ló kọ ìtàn rẹ̀. London ni àwọn lẹ́tà náà sì wà títí dòní.

BàbáLáwùjọ

Ó dáa, mo ń gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n Tísà ti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi tán. Tó bá jẹ́ pé ọ̀tá ló kọ ti Tinúubú, tí Macaulay kọ ti Pẹlẹ́wúrà, tí ògbufọ̀ kọ ti Nwanyeruwa, kí wá ni obìnrin kọ? Ìtàn àwọn ọkùnrin nípa obìnrin lẹ fẹ́ gbé sára ògiri nígbà náà. Ẹ sì rántí Ṣẹ̀gilọlá inú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930. Gbogbo Èkó ló rò pé obìnrin kan ló ń jẹ́wọ́ ìgbésí ayé rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló jókòó tó ń kọ ọ́.

Àdùkẹ́_Akọ̀tàn

Hàà, bàbá, ẹ mú Ṣẹ̀gilọlá wá! Àpẹẹrẹ tó dáa nìyẹn, mo gbà á lọ́wọ́ yín.

Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀bẹ̀ yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Obìnrin kan tí kò mọ̀wé á lọ bá akọ̀wé-kọ-lẹ́tà ní ìta ọ́fíìsì ìjọba. Ó máa sọ ẹjọ́ rẹ̀, akọ̀wé á kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì olówó ńlá, "your humble petitioner" lókè, lókè, lókè. Ní ìsàlẹ̀, obìnrin á tẹ ìka rẹ̀ sí i. Ẹ yọ Gẹ̀ẹ́sì akọ̀wé kúrò, ẹ wo ohun tó kù: iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ ẹni tó gbà á, ọjọ́, ibi ìsọ̀ rẹ̀, ohun tó fẹ́ kí ìjọba ṣe. Akọ̀wé ò lè hùmọ̀ ìyẹn. Nígbà mìíràn, ìtẹ̀ka obìnrin á tò lọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìwé kan ṣoṣo, orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó jọ pinnu nìyẹn.

Àkọsílẹ̀ kóòtù ìbílẹ̀ náà wà. Ẹ̀bùn gidi ni fún ẹni tó bá ní sùúrù: ìkọ̀sílẹ̀, gbèsè, ogún, ìjà lórí ilẹ̀. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lọ.

Nípa pé kí wá ni obìnrin kọ: wọ́n kọ ọ́, àwa la ò mọ orúkọ tí a fi máa wá a. Kòfówórọlá Moore, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba oyè ní Oxford, kọ ìtàn ayé ara rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 1936. Ẹni tó bá ń wá Lady Adémọ́lá, orúkọ tó jẹ́ lẹ́yìn tó lọ́kọ, ò ní mọ̀ pé òun náà ni. Ọyinkan tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú obìnrin sílẹ̀ ní Èkó ní 1944, Ajàsá ni nígbà tó wà nílé bàbá rẹ̀, Abáyọ̀mí ni nígbà tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Tí kátálọ́ọ̀gù bá pín èèyàn kan sí méjì báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ á rí ààbọ̀ ìgbésí ayé, á sì rò pé ó ti rí gbogbo rẹ̀. Olùtọ́jú_Ìwé, iṣẹ́ yín nìyẹn o! Kí ẹ so àwọn orúkọ náà pọ̀. Mo máa ní ìdùnnú sí ìyẹn ju àfihàn ọdún mẹ́wàá lọ.

BàbáLáwùjọ

Ìtẹ̀ka yẹn wọ̀ mí lára. N ò tíì gbà pẹ̀lú oṣù kẹta o, ṣùgbọ́n ìtẹ̀ka yẹn, mo fẹ́ rí i.

Ọmọ_Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìdá sí i. Ìyá mi àgbà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin oníṣòwò kan fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di olóògbé. Àpótí irin rẹ̀ wà nílé: ìwé ìpàdé, rìsíìtì, fọ́tò, lẹ́tà, káàdì ìkésíni. Àwọn àbúrò bàbá mi fẹ́ tún ilé kọ́, wọ́n ní kí wọ́n dáná sun àwọn "pépà" náà, kí a yọ fọ́tò dáadáa síta. Ṣé ilé-ìkàwé kankan á tiẹ̀ fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe gbajúmọ̀. Ọmọdé àdúgbò nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Olùtọ́jú_Ìwé

Ẹ MÁ DÁNÁ SUN ÚN. Mo bẹ̀ yín pẹ̀lú Ọlọ́run.

Màmá_Fáìlì

Ọmọ mi, gbé àpótí yẹn kúrò nínú ilé náà lónìí, gbé e sí ọ̀dọ̀ rẹ. Lẹ́yìn náà ká wá sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tí mo fi jẹun nìyí kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Má ṣe tò ó. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wu èèyàn ni kó yọ fọ́tò sọ́tọ̀, kó to lẹ́tà sọ́tọ̀, kó da rìsíìtì nù. Bí ìyá rẹ àgbà ṣe tò ó, ọ̀rọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Rìsíìtì tó wà láàárín ìwé ìpàdé ló máa sọ ohun tí wọ́n fi owó tí wọ́n dá ní ìpàdé yẹn ṣe. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kọ ohun tó wà nínú àpótí sórí ìwé kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ bó o ṣe ń bá a pàdé.

Yọ píìnì àti okùn rọ́bà jẹ́jẹ́, torí ìpẹtà irin máa ń jẹ ìwé. Má fi sẹ́lótéèpù lẹ ohun tó ya. Má láminéètì ohunkóhun, mi ò bìkítà ohun tí ẹni tó ní ẹ̀rọ náà bá sọ fún ọ; ẹni tó bá láminéètì ìwé àtijọ́ ti sin ín láàyè ni. Má ṣe kó o sínú náílọ́ọ̀nù tó pa dé, ọ̀rinrin á mú un. Gbé e kúrò nílẹ̀, má jẹ́ kó kan ògiri, orí irin ló sàn ju orí pákó lọ nítorí ikán. Fọ́tò ńkọ́? Pẹ́ńsùlù ni kó o fi kọ orúkọ sẹ́yìn, fọwọ́ fúyẹ́, bírò máa yọ sí ojú rẹ̀. Kó o sì tètè gbé àwọn fọ́tò yẹn lọ bá ẹni tó bá kù lára àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n máa dárúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ fún ọ. Ìyẹn ò lè dúró. Ìwé lè dúró, ṣùgbọ́n àwọn màmá yẹn ń lọ.

Ìbéèrè rẹ pé ṣé ilé-ìkàwé á fẹ́ ẹ: ẹni tí kì í ṣe gbajúmọ̀ gan-an ni wọ́n nílò. Ti gbajúmọ̀ ti wà nínú ìwé ìròyìn. Tó o bá fẹ́ fún wọn, ẹ jọ kọ àdéhùn sílẹ̀. Kó wà níbẹ̀ ẹni tó ni ín, ẹni tó lè rí i, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ tì pa fún ọdún mélòó kan torí àṣírí ẹbí tàbí ti ẹlòmíràn. Ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà fún ìdílé. Bi wọ́n léèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa kọ ọ́ sínú kátálọ́ọ̀gù. Tí wọ́n bá ń fa ẹsẹ̀ nílẹ̀, máa gbé àpótí rẹ lọ síbòmíràn. Mo ti rí ẹ̀bùn tó wà nínú pálí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ẹni tó tú u. Mi ò ní sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Ọmọ_Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Màmá, mo dúpẹ́. Àpótí náà ti wà nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ mi.

Láti_Òkèèrè

Netherlands ni mò ń gbé, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ níbí. Ní 1935 ni àwọn obìnrin mẹ́ta, Rosa Manus, Johanna Naber àti Willemijn Posthumus-van der Goot, dá ilé ìpamọ́ ìwé ẹgbẹ́ obìnrin sílẹ̀ ní Amsterdam. Kí ọdún márùn-ún tó pé, ogun dé. Ní 1940 àwọn Násì ti Jámánì wọlé, wọ́n kó ìwé, wọ́n kó fáìlì, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Jámánì. Júù ni Manus; wọ́n mú un, inú ìgbèkùn wọn ló kú sí. Gbogbo èèyàn rò pé ìwé náà ti jóná. Ní 1992 wọ́n rí i ní Moscow, torí àwọn ọmọ ogun Soviet ló rí i lọ́wọ́ àwọn Jámánì tí wọ́n sì gbé e lọ sílé. 2003 ni ó tó padà sí Amsterdam. Atria ni wọ́n ń pe ilé náà báyìí.

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1935 yẹn kan náà ni Mary Beard àti Rosika Schwimmer bẹ̀rẹ̀ ti wọn, wọ́n fẹ́ kó jẹ́ ti gbogbo ayé. Owó ò sí, àwọn obìnrin náà ò gbọ́ ara wọn yé, wọ́n tì í ní 1940. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ti gbọ́ ìwàásù Beard bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jọ fúnra wọn. Maud Wood Park gbé ìwé ìjà ẹ̀tọ́ obìnrin láti dìbò fún Radcliffe, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn obìnrin, ní 1943. Ìwé yẹn ló di Schlesinger Library tí gbogbo ayé ń rìn lọ síbẹ̀ lónìí.

Mo ń rò ó pé èwo ló dáa jù: ká ní ilé kan tiwa fún obìnrin nìkan, àbí ká pín in káàkiri? Ti Amsterdam, ibì kan ló wà, ibì kan náà ni ọ̀tá sì ti kó o.

Àdùkẹ́_Akọ̀tàn

Àwa náà ti gbìyànjú ti àkọ́kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá WORDOC sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1980, fún ìwádìí lórí obìnrin àti àkójọ ìwé wọn. Kò jókòó de ìjọba. Òun náà ló ṣàtúnṣe ìwé tó jáde ní 1992 tí àwọn onímọ̀ ti kọ ìtàn obìnrin Nàìjíríà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣáájú ìyẹn, Nina Mba ti tẹ iṣẹ́ tirẹ̀ jáde ní 1982 lórí òṣèlú àwọn obìnrin gúúsù láti 1900 dé 1965. Ẹni tó bá ka ẹsẹ̀ ìwé rẹ̀, ìyẹn àlàyé kékeré tó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, yóò rí fáìlì tí ó tú. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n ka ẹsẹ̀ ìwé kí wọ́n tó ka orí ọ̀rọ̀.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ: pín in, ṣùgbọ́n kí kátálọ́ọ̀gù jẹ́ ọ̀kan. Kò sí ibi ìpamọ́ kan tí mo lè fọkàn tán tó bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí pé kí gbogbo ẹyin wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tísà_Àgbà

Ẹ má gbàgbé ohun tí kò sí lórí ìwé. Orin tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta kọ lójú ọ̀nà ààfin, ẹni tó gbọ́ ọ níbẹ̀ ló máa kọ ọ́ dáadáa. Tí ẹ bá ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ gba àyè lọ́wọ́ màmá náà kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ jẹ́ kó mọ ibi tí ẹ ń gbé e lọ. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ìdákẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀rín rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì lè dé lẹ́yìn. Ẹ má sì bi í pé "ṣé ẹ mọ Màmá Ransome-Kuti?" ní kété tí ẹ bá jókòó. Ẹ bi í pé ta ló ń gba owó ìsọ̀, ta ló ń yanjú ìjà. Ibẹ̀ ni ìtàn á ti wá fúnra rẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

Kí ẹ pe àwọn màmá ọjà síbi àpérò náà pẹ̀lú, kí wọ́n jókòó sórí tábìlì iwájú, kì í ṣe láti wá jó fún àlejò. Tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bá sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ta ni wọ́n ń bá sọ ọ́?

Àdùkẹ́_Akọ̀tàn

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1973, nígbà tí àwọn onímọ̀ ìtàn obìnrin ní Amẹ́ríkà ṣe àpérò ńlá wọn àkọ́kọ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ Berkshire, tó ti wà láti 1930, àwọn tó wá pọ̀ ju àwọn tí wọ́n retí lọ. Kì í sì ṣe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ló wá. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un, Olùtọ́jú_Ìwé: kẹ́ni kankan má kúrò níbi àpérò yín láìfi ẹ̀dà ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé-ìkàwé. Àwọn àpérò obìnrin tí a ti ṣe ní ilẹ̀ yìí láti àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n kà níbẹ̀ ti wọ ilẹ̀ lọ pẹ̀lú àwọn tó kà á.

Olùtọ́jú_Ìwé

Mo ti bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀. Ó gbà. Ríbọ́ọ̀nù ò ní sí lọ́dún yìí (bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ti kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe òrùlé). Ìwé ẹ̀bẹ̀ tó ní ìtẹ̀ka ni màá gbé sí iwájú ẹnu ọ̀nà, màá kọ orúkọ gbogbo obìnrin tó tẹ̀ ẹ́ tóbi tóbi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin máa bá mi lọ sí Ìbàdàn. Tí Ọmọ_Akọ̀wé_Ẹgbẹ́ bá yọ̀ǹda, mo fẹ́ kí ìwé ìyá rẹ̀ àgbà wà ní àárín yàrá náà, nínú gíláàsì, fún gbogbo oṣù.

Màmá_Fáìlì

Má gbé ojúlówó sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ iná fún oṣù kan. Ìmọ́lẹ̀ á pa tádàwà rẹ̀. Ṣe ẹ̀dà tó dáa, kó o sì jẹ́ kí ojúlówó sùn nínú àpótí. Ti National Archives pẹ̀lú, kọ̀wé béèrè àṣẹ kó o tó tẹ ẹ̀dà rẹ̀ sára ògiri, má dúró de ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ọmọ_Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Mo yọ̀ǹda. Mo ti ń kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ bí Màmá ṣe wí. Ìwé kan wà tó jẹ́ ti owó èésú, orúkọ àwọn obìnrin ní apá òsì, iye tí wọ́n san ní apá ọ̀tún. Àwọn kan ò san, ìyá mi àgbà fi tádàwà pupa fa ìlà sí abẹ́ orúkọ wọn, ó kọ "ó ń sá" sí ẹ̀gbẹ́ ẹnì kan. Màmá yẹn ṣì wà láàyè. Ṣé mo lè fi hàn?

Màmá_Fáìlì

Rárá o. Lọ bá a nílé ná, mú ìwé náà dání, jẹ́ kó kà á. Gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ lọ́wọ́, tó bá gbà. Tó bá ní kó o tì í pa, kọ ọ́ sínú àdéhùn pé títí ọjọ́ ayé rẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má ṣí ojú ewé yẹn. Gbé ojú ewé òfin ẹgbẹ́ síta dípò rẹ̀.